Báwo Ni Ó Ti Yẹ Kí Á Tú Ilẹ̀ Jìn Tó? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ará Ìkirè àti Apòmù

Ìbéèrè kan wà tí í máa dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dọọdún nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí àwọn ènìyàn sì ti ń pa ilẹ̀ oko mọ́. Àwọn tí ń bi wá a máa jẹ́ ará Ìkirè àti Apòmù: àwọn bàbá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n sì padà sórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, àwọn ìyá tí wọ́n fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ fún gàrí ilé, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fún àwọn tí ń dín dòdò Ìkirè tà lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni èyí: nígbà tí a bá ń tú ilẹ̀, báwo ni ó ti yẹ kí á tú u jìn tó? Ẹni tí ń fi ọkọ́ ro oko ń kẹ́dùn pé ọkọ́ òun kò wọlẹ̀ tó. Ẹni tí ó sì rí owó katakata san ń fọ́nnu pé ẹ̀rọ òun wọlẹ̀ dé ìdajì ojúgun.

Èrò tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí ìtúlẹ̀ bá ti jìn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìkórè yóò ti pọ̀ tó. Àwa náà gba èyí gbọ́ nígbà kan rí, a tilẹ̀ náwó lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí a ó ti sọ níwájú. Ṣùgbọ́n kí á tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo irú ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọmọ Apòmù má mọ̀ pé orúkọ ìlú wọn wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní òkè òkun. Àwọn tí ń ka ìtàn mọ Apòmù nítorí ọjà rẹ̀, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí ìjà kékeré lórí ataare sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ròyìn rẹ̀, tí ó fi di ogun tí ó pa Òwu run. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa erùpẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ní 1962, àwọn òyìnbó méjì, Smyth àti Montgomery, tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn nípa ilẹ̀ apá àárín Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àti bí a ti ń lò ó. Wọ́n pín erùpẹ̀ náà sí irú-irú, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ìlú wa sọ wọ́n: ọ̀kan ń jẹ́ Ìwó, ọ̀kan ń jẹ́ Ẹgbẹ́dá, ọ̀kan sì ń jẹ́ Apòmù. Títí di òní, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ bá kọ ọ́ pé "erùpẹ̀ Apòmù", kò sí àlàyé púpọ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí ó ń wí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú rìn láti orí òkè kan sísàlẹ̀ títí dé etí odò, irú èyí tí ó pọ̀ ní agbègbè wa. Lókè, níbi tí irú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìwó wà, ilẹ̀dú tí ó wà lójú kì í sábà ju ínṣì 6 tàbí 8 lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ ti dì mọ́ra, àwọn òkúta funfun líle tí a ń rí lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò. Lábẹ́ òkúta yìí ni ilẹ̀pa wà. Bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, òkúta ń dínkù, iyanrìn ń pọ̀ sí i. Nígbà tí a bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀, a ti dé orí erùpẹ̀ Apòmù: iyanrìn tí àgbàrá ti ń gbá wá láti òkè láti ayébáyé, tí ó sì lè jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ láìsí òkúta nínú rẹ̀. Ó rọrùn láti ro, ṣùgbọ́n kì í di omi mú, kì í sì í pẹ́ tí òjò fi ń gbé oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Létí odò gan-an ni àkùrọ̀ wà, tí omi ń dúró sí. Oko ẹnìkan ṣoṣo, tí kò ju éékà 3 lọ, lè ní gbogbo ìwọ̀nyí nínú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí fún yín pé ìwọ̀n báyìí ni kí ẹ tú gbogbo oko yín jìn mọ, kò tíì rìn ín já.

Nísinsin yìí, kí ni gbòǹgbò ń wá nínú ilẹ̀? Gbòǹgbò kì í ṣe ìṣó tí a ń fi òòlù gbá wọlẹ̀. Orí rẹ̀ rọ̀. Àlàfo láàrin erùpẹ̀ ni ó ń wá, tàbí ihò tí ekòló gbẹ́, tàbí ọ̀nà tí gbòǹgbò àná fi sílẹ̀ nígbà tí ó jẹrà. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́, nítorí gbòǹgbò pẹ̀lú ń mí. Ó fẹ́ omi. Ó sì fẹ́ oúnjẹ. Bí ó bá kan ibi tí erùpẹ̀ ti ki jù, yóò kọ́kọ́ sanra níbi orí rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò yí ẹ̀gbẹ́, yóò sì máa rìn ní ìbú. Ohun ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ṣe báyìí kì í fi ara hàn nígbà tí òjò ń rọ̀. Ọjọ́ tí òjò bá dá, tí oòrùn sì mú fún ọ̀sẹ̀ kan, ni ewé rẹ̀ yóò ká jọ, tí tẹni tí gbòǹgbò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ yóò sì dúró ní tútù.

Gbòǹgbò àgbàdo lè wọlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ bí ọ̀nà bá là fún un, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ bàtà 1 ti òkè. Ẹ̀gẹ́ tí a ń wú kì í sábà wà ní ìsàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ rẹ̀ ń lọ wá omi jìnnà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kò fẹ́ràn àtijìn rárá. Ìdí nìyí tí ìjì fi ń wó o bẹ́ẹ̀. Kòkó nìkan ni ó ń béèrè ilẹ̀ tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 5 fún olórí gbòǹgbò rẹ̀, síbẹ̀ àwọn gbòǹgbò tí ń bọ́ ọ tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ ewé gbígbẹ. Àwọn bàbá wa mọ èyí láìsí ìwé: ọkọ́ kì í wọ abẹ́ kòkó tí ó ti dàgbà, àdá ni wọ́n fi ń ṣán an.

Ohun tí a rí nínú gbogbo èyí ni pé oúnjẹ ilẹ̀ wa wà lójú ilẹ̀. Ewé tí ó jábọ́ tí ó jẹrà, iṣẹ́ ekòló, eérú àti pàǹtí, gbogbo rẹ̀ kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin kan àti ìka rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jìn ní ínṣì 12 kò fi ohunkóhun kún oúnjẹ yìí. Ó kàn dà á pọ̀ mọ́ òkúta àti ilẹ̀pa tí kò ní nǹkan nínú ni, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé tí ó bu omi kún ọbẹ̀ kí ó lè kún ìkòkò.

Ó wá kan ìtàn tí a ṣèlérí. Ìdílé wa ní ilẹ̀ kan láàrin Ìkirè àti Apòmù, bíi éékà 2, tí ó sọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìhà odò. Ọkọ́ ni a fi ń ro ó láti ìgbà àwọn àgbà. Ní ọdún kan, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá wa ṣiṣẹ́ ti lọ sí Èkó, a háyà katakata. A dúró ti awakọ̀ náà, a sì ń rọ̀ ọ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlẹ̀ dáadáa, nítorí owó wa kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó ṣe bí a ti wí. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni ó ń wà á, nítorí ọ̀nà náà ni ó rọrùn fún un. Nígbà tí ó parí, ilẹ̀ náà pupa, ó rọ̀, kò sí ewéko kan lójú rẹ̀. Àwọn tí ń kọjá ń kí wa kú iṣẹ́, inú wa sì dùn.

Òjò ńlá mẹ́ta péré ni ó rọ̀. Lẹ́yìn èkíní, ojú ilẹ̀ dì bí ẹ̀kọ tútù. Lẹ́yìn ìkejì, àwọn ojú ipa ẹ̀rọ ti di ọ̀nà àgbàrá. Lẹ́yìn ìkẹta, a bá ilẹ̀dú wa nísàlẹ̀, létí odò, òkúta wẹ́wẹ́ sì kún òkè bí ẹni pé a dà á síbẹ̀. Àgbàdo tí a gbìn pọ́n. Nígbà tí a fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ṣẹ́ bí ìgúnpá ní ibi tí erùpẹ̀ tí a tú parí sí. A kò dá awakọ̀ náà lẹ́bi, ohun tí a rán an ni ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Ínṣì 1 erùpẹ̀ lórí éékà 1 wúwo ju 100 tọ́ọ̀nù lọ. Kò sí ìdílé kan ní Ìkirè tí ó lè ru ìwọ̀n ilẹ̀dú bẹ́ẹ̀ padà sórí òkè, àjílẹ̀ tí a ń rà nínú àpò kò sì lè dípò rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí rí.

Bí ó bá jẹ́ pé àwa nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí, a kì bá tí kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n a ti wọn ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, nítòsí wa níhìn-ín. Ilé ìwádìí ọ̀gbìn ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní IITA ni a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, Rattan Lal, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1970 títí di 1987. Ó pín ilẹ̀ sí oko kéékèèké lórí ibi tí ó sọ̀ díẹ̀ àti ibi tí ó sọ̀ púpọ̀, láti ẹsẹ̀ bàtà 1 nínú 100 títí dé 15 nínú 100. Ó tú àwọn kan lójú, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó fi koríko àti pòròpórò bo àwọn kan. Ó gbin àwọn kan láìtú wọn rárá, àfi ihò kékeré fún èso. Lẹ́yìn òjò, ó ń wọn omi àti erùpẹ̀ tí ó ṣàn jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a tú tí a fi sílẹ̀ ní ìhòòhò pàdánù erùpẹ̀ púpọ̀ púpọ̀. Èyí tí a bò, àti èyí tí a kò tú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan, àní níbi tí ó sọ̀ jù lọ pàápàá. Erùpẹ̀ ilé ìwádìí náà sì jẹ́ ìbátan tiwa: Ẹgbẹ́dá lókè, Apòmù nísàlẹ̀.

Wọ́n tún wọn ooru. Ní ọ̀sán gangan, ní ínṣì 2 sísàlẹ̀, ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí a máa gbóná ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn tí ó dá ṣáká kò ju 37 lọ. Àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò fẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ kọjá 35. Nínú ilẹ̀ tí a fi koríko bò, ooru náà ń rọlẹ̀, omi ń pẹ́ nínú erùpẹ̀, ekòló sì ń padà wá. Ekòló wọ̀nyí pẹ̀lú ń túlẹ̀, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí iṣẹ́ ilẹ̀ tí ó ṣe jálẹ̀ ayé rẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lókìkí ní Ìbàdàn, a fún Lal ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni katakata ti tàn jẹ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tú pápá koríko tí ó gbòòrò títí, ọ̀gbẹlẹ̀ sì dé. Ní 14 oṣù kẹrin, 1935, eruku ilẹ̀ oko sọ ọ̀sán di òru níbẹ̀. Ní Mọ́kwà lókè Ọya, ìjọba gbé ẹ̀rọ wá ní 1949 láti gbin ẹ̀pà àti oríṣiríṣi nǹkan lórí ilẹ̀ púpọ̀. Kí 1954 tó parí, iṣẹ́ náà ti túká. Ìdí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni pé a gbé ẹ̀rọ dé kí á tó mọ ilẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí ilẹ̀dú kò bá jìn, tí iṣu sì fẹ́ ilẹ̀ tí ó jìn, báwo ni àwọn baba wa ti ṣe ń jẹ iṣu? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ebè. A ti gbọ́ tí àwọn ọ̀làjú ń fi ọkọ́ kékeré wa ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ń ha ojú ilẹ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kí á bá wọn ṣe ìṣirò. Mú ilẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 ní òòró àti 3 ní ìbú. Fi ọkọ́ kó ínṣì 4 péré nínú ilẹ̀dú rẹ̀, kí o sì kó o jọ sí àárín. Ebè tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 yóò ga tó ínṣì 15, ilẹ̀dú tí a kò kó sì tún wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣu ti rí ilẹ̀ tí ó jìn, tí ó rọ̀, tí ó ní oúnjẹ, láìjẹ́ pé ọkọ́ fi ojú kan òkúta wẹ́wẹ́! Ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú kan ebè mọ̀ pé níbi tí a kò bá lè sọ̀ kalẹ̀, a lè gòkè. Kí a ṣáà máa kọ wọ́n ní ìbú òkè, kí poro má baà di ojú àgbàrá.

Síbẹ̀ a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a sọ ìtúlẹ̀ jíjìn di èèwọ̀. Ilẹ̀ wà tí ó nílò rẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ agégẹdú ti ń kọjá, tàbí tí ẹran ti ń tẹ̀, tàbí tí katakata ti ń tú ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún, ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ dé a máa le bí ilẹ̀ àgbàlá tí a lù. Iyanrìn Apòmù pàápàá, bí ó ti rọ̀ lójú tó, a máa ki lábẹ́ lẹ́yìn tí òjò àti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ bá ti nà án. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn sórí irú ilẹ̀ yìí láìtú u yóò kúrú, yóò sì wọ́. Níbẹ̀, kí á la ilẹ̀ líle náà já, ṣùgbọ́n kí a má ṣe yí i padà: ẹ̀rọ eléyín gígùn wà tí ń la ìsàlẹ̀ tí ó sì ń fi ilẹ̀dú sílẹ̀ lókè. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ ni a ń ṣe é, kí ó lè fọ́. Ilẹ̀ tútù kì í fọ́, ńṣe ni í máa dì sí i. Ẹni tí kò bá rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gbin òtìlí fún ọdún kan tàbí méjì. Olórí gbòǹgbò òtìlí lágbára, ihò tí ó bá sì fi sílẹ̀ ni àgbàdo yóò gbà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni àìtúlẹ̀ náà ní ìyọnu tirẹ̀. Koríko a máa bo ẹni tí kò tú ilẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi oògùn apakoríko bá a jà. Ẹni tí kànga rẹ̀ wà nísàlẹ̀ oko, kí ó ro èyí dáadáa kí ó tó fọ́n oògùn. Ní tiwa, a fẹ́ràn kí á gbin ẹ̀gúsí sáàrin àgbàdo, kí ewé rẹ̀ bo ilẹ̀.

Báwo wá ni a ó ti mọ irú èyí tí tiwa jẹ́? Ẹ wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3, irú èyí tí àwọn mọlémọlé ń lò. Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tì í wọlẹ̀ ní òkè oko, ní àárín, àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí ó dúró. Bí ó bá dúró tí ẹ sì gbọ́ tí ó ń ha òkúta, òkè ìwọ̀n náà ni kí iṣẹ́ yín parí sí. Ebè ni ti ibẹ̀. Bí ó bá dúró láìha nǹkan kan, tí ẹ wá fi agbára tì í tí ó sì tún ń wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ilẹ̀ líle ni ẹ bá yẹn, ó ṣeé là. Bí ó bá ń lọ láìdúró títí omi fi dé, àkùrọ̀ ni, ìgbà ẹ̀rùn ni kí ẹ padà wá. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 2 kan ṣoṣo, kí ẹ pe àwọn ọmọ wá wò ó: àwọ̀ ilẹ̀ yóò yà sọ́tọ̀ bí àwọ̀ aṣọ òfì, wọn yóò sì rí i fúnra wọn bí ilẹ̀dú ti kéré tó. Àwa ń ṣe èyí nísinsin yìí kí a tó bá awakọ̀ kankan ná owó.

Ní ti ilẹ̀ ìdílé wa, katakata kò gun apá òkè rẹ̀ mọ́. A ń kọ ebè sí i ní ìbú, a sì ń fi pòròpórò sílẹ̀ lójú ilẹ̀ dípò kí á sun ún. Apá ìsàlẹ̀ ni a fún òtìlí. Ìgbà tí a fa àgbàdo kan tu láìpẹ́ yìí, gbòǹgbò rẹ̀ kò ṣẹ́ bí ìgúnpá mọ́, ihò ekòló méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a san owó hú jáde ṣì wà lókè níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá tẹ̀lé wa lọ sí oko, wọn a máa ṣà wọ́n sínú agbọ̀n, wọn a sì lọ dà wọ́n sójú ọ̀nà níbi tí ẹrẹ̀ wà.